Lẹ́yìn Ìjì: Igi Wíwó Nínú Èdè Wa àti Ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

 

Bí a bá pe olùkọ́ lítíréṣọ̀ láti wá sọ̀rọ̀ ní gbangba, inú ìwé ni àwọn ènìyàn ń retí pé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé lónìí. Bí ó bá yá, n óò padà sínú ìwé.

1. Ìfáárà

Nígbà tí mo kọ́ ilé sí Ìpájà, mo gbin igi dóńgóyárò kan sí igun ọgbà. Ó tètè dàgbà, ó sì fún wa ní ibòòji. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ewé rẹ̀ ni ìyàwó mi fi ń se àgbo fún ẹni tí ibà bá ń ṣe nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn, ẹ̀fúùfù sì dé ṣáájú òjò. Kò jà tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí a jáde, igi náà ti fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ti wó ògiri tó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi, orí rẹ̀ sì gbé lé igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà aládùúgbò náà.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí erin bá ṣubú ni à ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ ti dé pẹ̀lú àdá àti àáké. Mo san owó fún wọn, wọ́n gé igi náà kéékèèké. Wọ́n dáná sun ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń kó ìtì rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí yóò lọ dà á sí ààtàn. Ibi tí wọ́n ti ń kó o ni bàbá káfíńtà kan tó ń kọjá lọ ti dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀bẹ họ ojú ibi tí wọ́n ti gé igi náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì bi mí pé, ‘Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó kí wọ́n lọ dànù yìí?’ Mo ní dóńgóyárò ni, bàbá. Ó ní, ‘Èmi náà mọ̀ pé dóńgóyárò ni. Ohun tí mo ń bi yín ni pé ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.’

N kò rí èsì fọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní ewì àti ìtàn tí igi kún inú wọn. Mo lè ṣàlàyé ohun tí ìrókò dúró fún nínú ìwé ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n igi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn wó sí iwájú mi, n kò sì mọ̀ ju kí n sun ún lọ. Ìtìjú ọjọ́ náà ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Kókó rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣọ̀fọ̀ igi ṣì wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi ń lo igi ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí ìmọ̀ orúkọ igi bá sì ti lọ, igi fúnra rẹ̀ di pàǹtírí lójú wa.

2. Wíwó igi nínú èdè wa

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, wó. Ilé ń wó, ògiri ń wó, igi ń wó. Bí ènìyàn pàtàkì bá kú, a óò ní igi ńlá wó, tàbí kí a ní erin wó. Àwọn oníjàálá àti àwọn ọdẹ tí ń sun ìrèmọ̀jé mọ ọ̀nà tí a ń gbà fi òkú akọni wé igi tó wó nínú igbó. Ìjì pàápàá ní olúwa rẹ̀ nínú èrò àwọn baba wa. Ọya, aya Ṣàngó, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Odò Ọya, ni ó ni ẹ̀fúùfù. Igi tí ìjì bá wó ti kọjá ọ̀rọ̀ igi lásán lójú ẹni tó gba èyí gbọ́, nítorí ọwọ́ òrìṣà ló kàn án. Ti ìrókò tún yàtọ̀. A kì í fi àáké kàn án láìṣe ètùtù, ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé ìrókò tí a kò bẹ́ ní kékeré, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ṣùgbọ́n èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ọ̀fọ̀. Òwe mìíràn ní bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Àwa a máa fi òwe yìí parí ìjà láàárín ẹbí, a sì ti gbàgbé pé ìmọ̀ràn fún agégi ni ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. A tún ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Kí ló dé tí kì í fi í pẹ́? Nítorí pé ojú oníṣẹ́ ọnà ti wà lára rẹ̀. A ní ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá parí iṣẹ́ sí ni gbẹ́nugbẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹni tí òwe yẹn kọ́kọ́ dárúkọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣáájú. Àwa gbẹ́nugbẹ́nu, tí iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a wà. Bí ẹni iwájú bá sọ irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ni ẹni ẹ̀yìn yóò máa sọ?

3. Igi aṣálẹ̀ nínú ọgbà wa

Dóńgóyárò tó wó lọ́dọ̀ mi kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí láti inú èdè Haúsá ni a ti yá a: dogon yaro, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin gíga. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni orírun igi náà. Láti Gánà ni irúgbìn rẹ̀ ti dé Nàìjíríà, ní agbègbè Bọ̀rnó, ní 1928. Àwọn ará ibẹ̀ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ nítorí pé kò bẹ̀rù ọ̀dá. Wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n gbìn ín sínú ọgbà ilé, wọ́n sì tò ó ní ìlà ní etí aṣálẹ̀ láti dí ẹ̀fúùfù àti iyanrìn lọ́wọ́. Igi tí wọ́n gbìn láti dá ẹ̀fúùfù dúró lọ́hùn-ún ni ẹ̀fúùfù ń wó lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ó yẹ kí a béèrè ìdí.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ, gbòǹgbò igi yìí a máa wá omi lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, ilẹ̀ a sì dì í mú. Kò fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí rárá. Gbòǹgbò náà ń mí. Bí omi bá kún ilẹ̀, kò lè lọ sísàlẹ̀ mọ́, ojú ilẹ̀ ni yóò máa tẹ́ sí. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín rántí ìgbà tí oko àti igbó ṣì pọ̀ ní Ìpájà, kí Gowon Estate àti Abẹ́sàn tó dé. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri, tí a ń la gọ́tà, tí a sì ń da kọnkéré yí ìdí igi ká. Lọ́dọ̀ tèmi, nígbà tí mo wo ihò tí igi náà fi sílẹ̀, mo rí i pé gbogbo gbòǹgbò tó wà ní ìhà ògiri ni ẹnì kan ti fi àdá gé sọnù. Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n gé e, lọ́jọ́ tí a ń mọ ògiri náà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Ìjì wa kì í sì í ṣe eré. Ó wọ́pọ̀ jù nígbà àkọ́rọ̀ òjò àti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ a máa ṣáájú òjò, a sì máa dé lójijì. A kò tíì gbàgbé ti ọjọ́ 13, oṣù Kejì, 2012, tó ṣí òrùlé, tó wó ògiri, tó fa igi tu káàkiri Èkó, tó sì gba ẹ̀mí.

4. Tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé

Bí igi bá ti wó, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ẹnu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn ìgbà tí bàbá káfíńtà yẹn ti dójú tì mí.

Èkíní ni pé kí a má sáré. Bí wáyà iná bá wà nínú ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án títí àwọn oníná yóò fi pa iná. Kí a lé àwọn ọmọdé kúrò nínú ihò tó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé bí a bá gé ìtì kúrò lára gbòǹgbò, odindi ìdí igi náà lè dìde padà sáàyè rẹ̀ lójijì, kí ó sì bo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èkejì ni òwe wa. Igi tó gbé lé orí igi mìíràn ni a óò kọ́kọ́ gbé kúrò, láti orí wá sí ìdí. Igi tó tẹ̀ kọdọrọ dà bí ọrun tí a fà: agbára wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gé inú ibi tó tẹ̀ náà díẹ̀, kí ó tó wá ti ẹ̀yìn gé e já. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, igi a sì ta padà mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, kí a má gé ìtì rẹ̀ kéékèèké. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí. Ìtì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ṣeé là sí pákó. Èyí tí a ti gé wẹ́wẹ́, inú iná ló kù sí. Kí a sì yẹ ara rẹ̀ wò fún ìṣó. Igi inú ọgbà kò dà bí igi inú igbó. A ti kan ìṣó okùn aṣọ mọ́ ọn, a ti kan pátákó ìpolówó mọ́ ọn, igi a sì máa dàgbà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé-ìlagi kì í fi í fẹ́ gba igi àdúgbò, nítorí ìṣó kan ṣoṣo lè ba ayùn wọn jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbẹ. Ojú méjèèjì tí a ti gé ni omi ń gbà jáde jù lára ìtì igi, ibẹ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ sán. Kí a tètè fi ọ̀dà tàbí ìda kùn wọ́n. Bí a bá ti là á tán, kí a to pákó náà sókè kúrò nílẹ̀, lábẹ́ òrùlé, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, kí a sì gbé ohun tó wúwo lé e lórí kí ó má baà lọ́. Oòrùn gangan kò dára fún un, ọyẹ́ pàápàá a máa gbẹ ẹ́ láìfararọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò gbà. Ẹni tó ń kánjú kò lè gba pákó lọ́wọ́ igi tútù.

Àwọn agbẹ́gilére ní ọ̀nà tiwọn, tó yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Igi tútù ni wọ́n ń fẹ́, nítorí pé ó rọ̀ lábẹ́ irin. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ní, orúkọ wọn sì dùn létí: ọnà lílẹ́, aletúnlẹ́, dídán àti fínfín. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kọ́ iṣẹ́ sí i ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ Bámidélé Àrówóògùn, mú ìmọ̀ yìí wọ inú yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ó kú ní 2009. Mo máa ń bi ara mi pé akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mélòó ló mọ orúkọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, bẹ́ẹ̀ àwa náà ní ìpele tí ewì fi ń di ewì.

5. Ohun tí igi lè dà

Mo dé ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Igi kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà dé ibẹ̀.

Dóńgóyárò bá ọ̀gànwó tan. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko kà wọ́n sí. Àárín rẹ̀ pọ́n, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó dára fún òpó ọgbà, àpótí aṣọ, ìjókòó àti òòyà. Ewé rẹ̀ tí a bá sá gbẹ ni àwọn ènìyàn ń kó sínú ẹ̀wà àti ọkà kí kòkòrò má baà bà á jẹ́. Ohun tí bàbá káfíńtà ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn: ó ń wá ìbátan igi náà.

Fúrúùtù, èyí tó pọ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé wa gbogbo, bá afàrà àti ìdígbò tan pẹ́kípẹ́kí, àwọn méjèèjì sì jẹ́ gẹdú olówó iyebíye. Máńgòrò ṣeé là, ó ṣeé gbẹ́ ní ọpọ́n, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yára, nítorí pé ara rẹ̀ a máa tètè dá àbàwọ́n. Arère náà rí bẹ́ẹ̀: bí a bá fi ìtì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, olú yóò ti sọ ara rẹ̀ funfun di aláwọ̀ aró. Àràbà fúyẹ́, ó dára fún ọkọ̀ ojú omi. Òwú inú èso rẹ̀ ni a fi ń ki ìrọ̀rí.

Ọmọ̀ ni igi ìlù. Apá náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ gángan. Ìgbàgbọ́ àwọn onílù sì ni pé èyí tó hù sí etí ọ̀nà ló dára jù, nítorí pé ó ti gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, yóò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa rẹ́rìn-ín sí èrò yìí. Èmi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé igi tó dúró sáàárín wa ti di ará ilé, àti pé bí ó bá wó, ó ṣì lè bá wa sọ̀rọ̀.

Ti ìrókò ni n óò fi parí. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, ó funfun, ó le, ayùn a sì máa kú lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣàlàyé pé láti inú igi náà gan-an ni òkúta yìí ti ń wá. Bóyá ọjọ́ tí àáké baba wa kan kọ́kọ́ bá òkúta pàdé nínú igi ni ọ̀wọ̀ ìrókò ti pọ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé baba wa kan náà ló fi ìrókò ṣe ilẹ̀kùn. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì lò ó. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ṣì wà ní British Museum títí di òní. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú ní 1938. Igi tó ti wó ti pẹ́ láyé ju ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́dọ̀ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìtì gẹdú láti Oǹdó àti Ògùn fi ń léfòó gba ojú ọ̀sà wá sí Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, kí a lè rí pákó kan ilé. A ń pa igbó ọ̀nà jíjìn run láti rí igi, a sì ń sun èyí tí ìjì gbé wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà.

6. Ta ló ni ín?

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. LASPARK ni àjọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní 2011 láti bójú tó igi àti ọgbà, ẹni tó bá fẹ́ gé igi tó dúró gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn. Láti 2008 sì ni wọ́n ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ètò fún igi tó bá wó. Ilẹ̀ tó ṣófo kò wọ́n jù fún ẹgbẹ́ onílé láti to ìtì igi sí fún oṣù mélòó kan. Káfíńtà kò jìnnà sí wa, onílù kò jìnnà, ìyá tó ń yan ẹja ń wá igi gbígbẹ. Kí pákó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n là, kí ẹ̀ka lọ sídìí ààrò, kí ewé lọ sí oko. Bí a ti ń pín ogún òkú nìyẹn: a kì í sun ún.

Mo sì fẹ́ bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa náà. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn agégi, káfíńtà àti agbẹ́gilére, kí wọ́n gba orúkọ igi, orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ ìpele iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí a kò bá ṣe é, ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò ka ìwé Fágúnwà tí gbogbo igi inú rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, igi.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìtì kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ nígbà tí mo dá ọkọ̀ náà dúró lọ́jọ́ yẹn. Bàbá káfíńtà ní kí n fún òun. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó gbé àpótí ìjókòó kan wá fún mi. Ó pọ́n, ó ń dán, ara rẹ̀ sì sán díẹ̀ ní igun kan. Mo bi í pé kí ló sán an. Ó ní, ‘Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fi jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà nínú oòrùn kí n tó rí ọkọ̀ gbé e, ẹ kò sì fi ọ̀dà kùn ún.’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, n kò mọ̀. Ó ní, ‘Ẹ ti wá mọ̀ báyìí.’

Orí àpótí náà ni mo jókòó sí kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín lónìí. Ihò tó wà ní igun ọgbà ni mo ti dí, mo sì ti gbin igi mìíràn síbẹ̀, jìnnà sí ògiri.

 Kí ìjì tí ń bọ̀ má bá wa lójijì.